Ihò Kan Lójú Góòlù

Láàárọ̀ òní, mo rí ihò kan lójú bọ́ọ̀lù tí mo ti fi odindi wákàtí mẹ́ta bò ní góòlù, ara mi sì rọ wọ̀ọ̀.

Oníke ni bọ́ọ̀lù náà, kò sì tóbi ju orí ìṣáná lọ. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó afẹ́fẹ́ haidirójìn sí, kí lésà, ìmọ́lẹ̀ alágbára, lè fún un pọ̀ títí àwọn átọ́ọ̀mù yóò fi wọnú ara wọn, tí agbára yóò sì jáde. (Dáyámọ́ńdì ni wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n lò ní California ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí agbára tó jáde kọ́kọ́ ju èyí tí lésà gbé wá lọ.)

Iná mànàmáná ló ń mú kí góòlù lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ike kì í gbé iná, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí n tó sọ ọ́ sínú omi tí góòlù ti yòrò sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fara kan irin tó ń gbé iná wá, síbẹ̀ bí ó bá jókòó sójú kan, góòlù kò ní dé ibi tó fara kàn dáadáa. Àfi kí ó máa yí gbirigbiri láìdúró. Mo sì ń yí i o! Àṣé ìhó haidirójìn kékeré kan, tí iná mú jáde látinú omi náà, ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí eégbọn, tí ó ń bá a yí kiri. Lábẹ́ maikirosikópù, ibi tí ìhó náà jókòó sí jin kòtò bí àpá ṣọ̀pọ̀ná, bẹ́ẹ̀ gbogbo ara tó kù ń dán gbinrin.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń fi iná mànàmáná bo nǹkan ní irin, ṣé irú ìhó bẹ́ẹ̀ ti bá iṣẹ́ yín jẹ́ rí?