Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má febi pa ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ẹ fara dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, tó ti di cirrhosis, ìyẹn kí ẹ̀dọ̀ ní àpá kó sì le, bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní ẹ̀dọ̀ yín ti le ni gbogbo ẹbí á di dókítà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n má fẹnu kan ẹyin mọ́. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹran àtẹja ló ń bẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹlòmíì ní ẹ̀wà á jẹ́ kí inú wú, bẹ́ẹ̀ inú kúkú ti wú tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àtọbẹ̀ ewúro tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú mi láàárọ̀ lálẹ́.

Ojú ò sì lè tètè rí ìyà yẹn. Omi ti kún ikùn mi, ẹsẹ̀ náà wú, tí mo bá gun ìwọ̀n ó ń lọ sókè ni, wọ́n á ní "Dádì ti ń sanra, a dúpẹ́." Ìsanra wo? Aago ọwọ́ mi ń yọ́ lọ bá ìgbọ̀nwọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé ìyàgbẹ́, mo jókòó, mi ò lè dìde mọ́. Itan méjèèjì kọ̀. Mo di ìlẹ̀kùn mú, ọwọ́ yẹ̀. Mo pe ìyàwó mi títí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, kò gbọ́. Àbígbẹ̀yìn mi ló gbọ́, ọmọ JSS2, ọmọbìnrin. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, ó ń fà mí, ó ń sunkún, ó ń ní "Dádì ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde", èmi tí ṣòkòtò mi wà nílẹ̀. Agbára ẹ̀ ò gbé mi, àwa méjèèjì bá jọ ṣubú sórí táìsì. Títí dòní mi ò tíì lè wojú ọmọ yẹn dáadáa. Ẹ̀dọ̀ nìkan kọ́ ló ṣe mí báyẹn o, ebi wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé mi lọ ọsibítù, dietíṣàn ibẹ̀, onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, ò tiẹ̀ wo ikùn mi, apá mi ló dì mú. Ó ní ẹ̀dọ̀ tó ti le ò lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ di àárọ̀ bíi tàtijọ́, téèyàn bá sùn láìjẹ nǹkan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara ẹ̀, òru kan ṣoṣo fún wa dà bí ìgbà tẹ́ni tára ẹ̀ le gbààwẹ̀ ọjọ́ 2 sí 3. Ẹni tó bá wọn kílò 60 láìka omi yẹn mọ́ ọn nílò prótéènì bíi gíráàmù 72 sí 90 lóòjọ́. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ wá ṣírò ewúro lásán.

Nítorí náà ẹ jẹ ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ léraléra, kẹ́ ẹ sì jẹ nǹkan kẹ́ ẹ tó sùn. Ògì tó ní mílíìkì, búrẹ́dì àtẹyin, ohun tó bá wà. Kódà tí àìsàn yìí bá ti ń da orí èèyàn rú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ, ẹ má kàn gba ẹja lẹ́nu ẹ̀. Kẹ́nì kankan má wá sọ fún mi pé bàbá òun ò jẹran tó sì yè o.

Iyọ̀ ló yẹ kí wọ́n bá mi dù, wọn ò dù ú! Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lóòjọ́ ò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, Mágì àti Indomie wà nínú ìṣírò yẹn. Ẹ má sì ra iyọ̀ onípotásíọ̀mù láìbéèrè, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lo spironolactone, oògùn tó ń jẹ́ ká tọ omi ara dànù.

Ti kápúsù tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yìí náà ló gbé e wá. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí àwọn míì gan-an pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ wò. Kápúsù ata ilẹ̀ pupa àti ti green tea ti ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́ rí, èyí tẹ́ ẹ fi sínú ọbẹ̀ kọ́ là ń wí. Blood tonic náà, bí àyẹ̀wò ò bá sọ pé irin (iron) ò tó lára yín, ẹ fi sílẹ̀. Àgbo inú ọtí, mi ò ní sọ̀rọ̀ lé e.

Mo ti ń dá dìde báyìí, mò ń gun àtẹ̀gùn. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá ẹbí yín jà, ṣùgbọ́n gbígba oúnjẹ lẹ́nu yín kọ́ ni wọ́n á fi tọ́jú yín. Ẹni tó bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bá dietíṣàn tiyín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó mú ògì alẹ́ yẹn, tiyín lè yàtọ̀.