Ta ló mọ̀ wá?

Ojú ọjọ́ ṣú dùdù láti àárọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo darí dé, mo sá bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Kò sí nǹkan míì. Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àwọn ìyá àgbà méjì ló jókòó níwájú mi. Bọ́ọ̀sì ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́sẹ̀ òkè Mackenzie ní Revelstoke, ìlú wa ní Kánádà níbí, kéréènì gíga yẹn gbé pákó rọ̀ sójú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan wò ó títí, ó ní, "Kí wọ́n tó dé, ta ló mọ̀ wá?" Èkejì ò dáhùn, ó kàn ń fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ṣé ó ń dúpẹ́ ni àbí ó ń bú àwọn tó kọ́ ibùdó síkì, pátákó tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ fi yọ̀ lórí yìnyín, sórí òkè yẹn? Mi ò mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé e yẹ̀ wò.

Tó bá ń dúpẹ́, mi ò lè jiyàn. December 2007 ni wọ́n ṣí ibùdó ìgbafẹ́ náà. Gíga tí ẹni tó ń síkì máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mítà 1,713, kò sí èyí tó tó o ní Àríwá Amẹ́ríkà. Tìtorí ẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń ti gbogbo ayé wá sí Revelstoke, tìtorí ẹ̀ lèmi náà fi ń jẹun. Bí wọn ò bá wá, bẹ́ẹ̀dì ta ni n ó máa tẹ́?

Àmọ́ ilé tó wà lódìkejì ọ̀nà wa… Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Iná kan ń tàn níbẹ̀ lálaalẹ́, ẹ̀rọ ló ń tàn án, ẹ̀rọ ló ń pa á. Onílé wá nígbà Kérésìmesì, ó tún lọ. Ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú òtútù yìí. Ọ̀rọ̀ owó ilé tèmi, mi ò ní í sọ ọ́.

Ta ló mọ̀ wá? Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ti la ojú irin kọjá níbí láti 1885. Ní 1925, Nels Nelsen fi síkì fò ní ẹsẹ̀ bàtà 240 lórí òkè kejì lọ́hùn-ún, kò tíì sẹ́ni tó fò tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà yẹn. Òṣìṣẹ́ reluwé lòun náà, Norway ló ti wá. Àtìpó bíi tèmi! Ká tó wá dé orí àwọn Sinixt, ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀. Ní 1956 ìjọba Kánádà kéde pé wọ́n ti kú tán. Ó di 2021 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó gbà pé àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà nínú wọn ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dẹ ìgbẹ́ lórí ilẹ̀ baba wọn níbí. Kí ni mo wá ń sọ ná? Ó ti pòórá lọ́kàn mi.

Ẹ má wo bí mo ṣe ń bínú o. Lọ́jọ́ tí mo gba ìsinmi, èmi ni mo wà níwájú pátápátá nígbà tí wọ́n ṣí gọ́ńdólà, ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé wa gun òkè. Yìnyín tuntun dé orúnkún. Mo pariwo títí ohùn mi fi há, mi ò rántí owó ilé ẹnikẹ́ni.

Bóyá bí ìyá yẹn náà ṣe rí nìyẹn, ó ń dúpẹ́, ó ń bú wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Tàbí bóyá ó kàn ń sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà lè yá ni.

Ìgbìmọ̀ ìlú ń pe ìpàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí àwọn ilé tuntun tó kù. Aládùúgbò mi ní dandan ni kí n wá sọ̀rọ̀, mo sì ti gbà, bí mi ò tilẹ̀ mọ ẹ̀yìn ta ni n ó wà. Tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn fún mi, ilé òṣìṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ béèrè: yàrá mélòó, èló lóṣù, ìgbà wo lẹ máa kó wa wọlé?