Ẹyin kan, móínmóín mẹ́wàá: ohun tójú mi rí lọ́nà Liverpool

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ní màá kọ nípa Liverpool, inú ló ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kọ nǹkan tí mọ́mì mi máa kà tí wọ́n á ní ta ló kọ́ mi léèébú. Ó ti rọ̀ báyìí. Díẹ̀ ni ṣá.

Ohun tó gbé mi lọ ni ilé abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Western Approaches, ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti darí ogun orí òkun Àtìláńtíìkì nígbà ogun Hítílà. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń dà mí láàmú pé "Sìsítà, ẹ lọ wò ó jàre, ẹ̀yin tí ìtàn kankan kì í kọjá yín." Mo wo owó ọkọ̀ ojú irin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó orí ìyàwó, ni mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, £19 àlọ àtàbọ̀, mo tún ń yọ̀. Àǹtí mi tó wà ní Peckham gbọ́ pé mò ń lọ, wọ́n gbé kúlà kan lé mi lọ́wọ́ fún ọmọ wọn tó ń kàwé níbẹ̀: móínmóín ewé mẹ́wàá, ẹja díndín tí wọ́n fi bébà wé, àti ṣinṣín ike ńlá kan. Ẹ fọkàn sí kúlà yìí o.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la gbéra ní Victoria. Mo sùn. Ìgbà tí mo máa lajú a ti kọjá Birmingham, ọkọ̀ ti dúró lẹ́bàá títì M6, èéfín ń rú lẹ́yìn ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Dírẹ́bà ní ká sọ̀kalẹ̀, ká lọ dúró sẹ́yìn irin lórí koríko, pé ọkọ̀ míì ń bọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wo! Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo aago. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ yẹn wọ́n ti tì í pa láti London, téèyàn bá sì pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wọn orin ni wọ́n á máa kọ sí i létí. Ẹni tó bá máa wọ bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú kó gbé omi àti oúnjẹ dání, kó sì jẹ́ oúnjẹ tí òórùn ẹ̀ ò ní tú u fó.

Torí èmi, nígbà tó fi máa di wákàtí kan àti ààbọ̀, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo tú ewé ọ̀kan, mo ń bù ú sẹ́nu bí olè. Ẹ ò mọ ohun tí òórùn móínmóín ń ṣe nínú òtútù. Gbogbo orí ló yí pa dà. Ọmọ kékeré kan tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ wá dúró síwájú mi, kò tọrọ, ó kàn ń wo ẹnu mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ṣé ẹ máa lè gbé e mì?

Àwa mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la wà níbẹ̀, mo kà wá. Móínmóín mẹ́sàn-án ló kù. Ọmọdé mẹ́fà, mo fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan lóyún, ó gba ọ̀kan. Bàbá àti màmá òyìnbó kan tí wọ́n ti dàgbà gan-an gba méjì tó kù, bàbá bi mí bóyá púdín ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Àwa yòókù, ìdérí fúláàsì ni mo fi ń wọn ṣinṣín, ìdérí kan ẹnì kan, mo ń fọwọ́ ra orí ẹ̀ kó tẹ́jú bí àwọn ìyá tó ń wọn ẹ̀wà lọ́jà. Ẹnikẹ́ni ò ráhùn pé ó kéré. Àfi ìgbà tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé yí gba ẹ̀yìn wá tò lẹ́ẹ̀kejì. Ariwo tó sọ! Obìnrin kan tí ò tíì la ẹnu láti àárọ̀ ní òun rí i, ó ti gbà tẹ́lẹ̀, ẹ má fún un. Torí ìdérí ṣinṣín kan ṣoṣo, àgbàlagbà fẹ́ máa jà lẹ́bàá títì.

Ká sọ òótọ́, ẹja díndín yẹn, mi ò mú un jáde.

Aago márùn-ún kọjá ká tó dé Liverpool, ilé abẹ́ ilẹ̀ ti tì, ó di ọjọ́ kejì. Mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn, ṣùgbọ́n £14 ni oúnjẹ àárọ̀ wọn. Wọ́n gbé ẹyin kan, sọ́séèjì kan, ẹ̀wà inú agolo tó ti tutù àti búrẹ́dì gbígan wá. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ jọ̀ọ́ fi ẹyin kan kún un, ó ní ẹyin kan ni tẹnì kan, tí mo bá fẹ́ ìkejì £2 ni. Ẹyin kan! Ṣé adìẹ yẹn lọ sí yunifásítì ni? Ẹ gbọ́ mi o, ẹ má san owó oúnjẹ mọ́ owó yàrá, ẹ jáde síta, ẹ ó rí ohun tẹ́ ẹ máa jẹ. Bí mo ṣe ń jáde ni mò ń kùn pé ráṣọ̀n wo lèyí, bí ìgbà tí ìjọba ń wọn oúnjẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ogun ló wà nílùú ni?

Ẹnu mi ló bá mi débẹ̀.

Àtẹ̀gùn lèèyàn máa sọ̀ wọ ìsàlẹ̀. Èyí tó mú mi dúró ni yàrá ńlá kan tí ògiri ẹ̀ ga lọ sókè réré, máàpù òkun Àtìláńtíìkì ló gba gbogbo ẹ̀, àkàbà gígùn sì fẹ̀yìn tì í tí àwọn ọmọbìnrin inú iṣẹ́ ológun ojú omi ń gùn láti máa sún àmì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rìn. Oṣù kejì 1941 ni wọ́n kó iṣẹ́ yẹn wá síbẹ̀ láti Plymouth. Mo ń wo àwọn àmì yẹn, mò ń bi ara mi pé kí ló wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí tí gbogbo èèyàn ò fi sùn. Ìbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, epo mọ́tò wà níbẹ̀, àmọ́ àlìkámà ńkọ́, ẹran ńkọ́, ṣúgà ńkọ́. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ tó ń ti òkèèrè wọ Ìlú Ọba lọ́dún ń lọ bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ohun tí wọ́n ń gbìn nílé ò tó wọn jẹ rárá. Kí wá ni Jámánì fẹ́ fi wàhálà wọ London ṣe? Kó ṣáà máa ri ọkọ̀ ojú omi, ebi á bá a ṣe ìyókù. Ohun tí Ìbàdàn fi mú Ìjàyè náà nìyẹn, ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn mọ̀ pé ebi ti lu ìlú pa kó tó fọ́ ní 1862.

Màmá òyìnbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń sinmi ẹsẹ̀, mo bá jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní 1944 ni wọ́n bí àwọn, ní Bootle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ibẹ̀. N kì í mọ́wọ́ dúró, mo ti tú ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, mo ní ẹ wò ó mà, ẹyin kan! Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. "Ọmọ mi, ẹyin kan lọ́sẹ̀ kan ni ti ìyá mi. Ìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù bá ní in." Wọ́n wá na ọwọ́ wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn ìwọ̀n ṣíìsì tí ẹnì kan ń jẹ fún odindi ọjọ́ méje, kò ju páálí ìṣáná lọ. Bíi gíráàmù 57. Bọ́tà náà bẹ́ẹ̀, ewé tíì náà bẹ́ẹ̀. Ṣúgà bíi gíráàmù 227, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ìdajì ìyẹn. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1940 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ráṣọ̀n yìí, àti ìgbà tí ogun parí ní 1945 kò tíì tán o, oṣù keje 1954 ló tó kásẹ̀ nílẹ̀. Búrẹ́dì tí wọn ò fi ráṣọ̀n sí ní gbogbo ìgbà tí bọ́ǹbù ń já, 1946 ni wọ́n wá fi sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Màmá ní ìyá àwọn ò dárí ji ìjọba títí wọ́n fi kú.

Ìwé ráṣọ̀n ní àwọ̀. Ti aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún, aláwọ̀ ewé ni, àwọn ni wọ́n ń yàn ṣáájú tí èso bá wọlé, wọ́n sì ń gba mílíìkì lé ti gbogbo ayé. Mo rántí aláboyún orí koríko. Ilé ọba gan-an ní ìwé tiwọn. Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́ wọn jẹ, àwọn tó ń ta ẹran lábẹ́lẹ̀ pọ̀ bí eṣú, àmọ́ ohun tí mo rí lẹ́bàá M6 ni mo rí níbẹ̀. Páálí ìṣáná ṣíìsì kọ́ ló ń mú èèyàn bínú, bí kò ṣe aládùúgbò tó gba méjì. Tíyẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé á dàrú kí ọ̀tá tó dé.

Ẹni tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ lé lọ́wọ́ ní 1940, Lord Woolton, ọmọ ọjà ni. Frederick Marquis lorúkọ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńlá Lewis's níbí ní Liverpool ló ti ṣe tirẹ̀, kì í ṣe olóṣèlú. Ìyẹn wù mí. Ẹni tó mọ bí ọjà ṣe ń tà ni kẹ́ ẹ fún ní ọjà. Wọ́n tiẹ̀ fi orúkọ ẹ̀ pe páì kan, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún àti àwọn ewébẹ̀ míì, kò sí ẹran níbẹ̀ rárá. Mo bi màmá bó ṣe dùn tó. Wọ́n kàn wo ọ̀ọ́kán.

Jámánì náà mọ ebi o. Ní òtútù 1916 sí 1917, nígbà ogun àkọ́kọ́, tọ́níìpù tí wọ́n ń fún ẹran jẹ ni àwọn ará ìlú wọn ń jẹ, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí òkun mọ́ wọn. Hítílà ò gbàgbé, ohun tó ṣe sí i ni pé ó ń kó oúnjẹ àwọn ìlú tó gbà kí tiẹ̀ lè yó, ẹlòmíì wá ń fi ebi kú fún un. Ní ti orí òkun, oṣù karùn-ún 1943 lọ́wọ́ yí, bíi ogójì ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló rì lóṣù kan ṣoṣo, ni wọ́n bá kó ìyókù sẹ́yìn.

Mo jáde, mo lọ fẹsẹ̀ rìn létí odò Mersey, oòrùn ti yọ, inú mi ti ń dùn. Ìgbà yẹn ni mo rántí tiwa. Ìlú yìí ni àwọn ọkọ̀ òkun ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti ń wá sí Èkó wá kó ẹkùrọ́ àti epo, ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ Apapa, Jámánì rì í ní oṣù kọkànlá 1940. Nígbà tí Japan gba Malaya, ilẹ̀ kan ní Éṣíà, ní 1942, epo ọ̀pẹ tibẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹkùrọ́ tiwa wá di ohun tí wọ́n ń dọdẹ, májàrín tí màmá òyìnbó ń fi pa búrẹ́dì, ta ló mọ̀ bóyá ẹkùrọ́ ìyá wa wà níbẹ̀. Ẹ sì wá wo bí wọ́n ṣe ṣe tiwa nílé. Láti 1941 ni ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ti ń fi iye lé oúnjẹ ní Èkó, iye tó fi lé gààrí ò tó iye tí àwọn obìnrin ń rà á lóko. Kò sí ìwé aláwọ̀ ewé fún aláboyún kankan. Alimọtu Pẹlẹwura, ìyálọ́jà Ẹ̀rẹ́kọ̀, kó àwọn obìnrin jọ kọ̀ ọ́, wọ́n fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn ṣe, ó ní rárá. Ní Abẹ́òkúta ìrẹsì àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi dìde sí i. Ogun kan náà, ìjọba kan náà! Níbí wọ́n fi ọmọ ọjà ṣe olórí, lọ́dọ̀ wa wọ́n ń bá ọmọ ọjà jà.

Mo pe mọ́mì mi lálẹ́, mọ́mì ní ìyá àwọn ní Ìjẹ̀bú máa ń sọ pé abẹ́ igi ìdáná ni wọ́n ń kó gààrí sí nígbà náà tí wọ́n bá ń gbé e lọ Èkó. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹja díndín fún wọn.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ti fèsì. Wọ́n ní wọ́n kẹ́dùn, wọ́n fi vọ́ṣà £5 ránṣẹ́, tí mi ò lè lò àfi tí mo bá tún wọ ọkọ̀ wọn. Kúlà ńkọ́? Ọmọ àǹtí mi wá gbà á ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ṣí i, ó wò ó, ó tún gbọn ike ṣinṣín létí. "Àǹtí, ẹja nìkan?" Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti M6 dé Hítílà, ó ń wò mí. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí ìyá ẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti fi ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp pé, "Mẹ́wàá ni mo dì o." Mi ò tíì gbé e.