Ẹ wọn àpótí lófìfo kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, owó ẹrù tó lé nìkan kọ́ ló ń dunni ní ẹ́pọ́ọ̀tì Ìkẹjà. Kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ ṣí àpótí yín nílẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, ló burú jù. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ń bẹ lókè, gàrí ń bẹ nísàlẹ̀, ẹni tó sìn yín wá ń fa ẹ̀gúsí jáde, àwọn tó wà lẹ́yìn yín ń pòṣé. Ẹ ò sì mọ èyí tẹ́ ẹ máa yọ, torí ẹ ò mọ ìwọ̀n ìkankan nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, òun náà ni mò ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá bá di ẹrù: ẹ wọn àpótí kí aṣọ kankan tó wọ inú ẹ̀.

Àpótí ńlá tó le, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Balógun, lè tó kìló 4 sí 5 lófìfo. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní 23, bíi 18 ló kù yẹn. Ẹ ra síkéèlì kékeré tó ní ìkọ́, ẹ fi kọ́ ọwọ́ àpótí, ẹ gbé e sókè títí nọ́ńbà á fi dúró. Ẹ fi ìdajì kìló sílẹ̀, torí síkéèlì ilé àti ti káńtà kì í sábà bára mu. Báàgì méjì ńkọ́? 27 àti 19 jẹ́ 46 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní 23 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 27 ti lé. Èyí tó bá kọjá 32, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ò ní gbà á rárá, owó ò yanjú ẹ̀.

Ẹ wọn oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá: gàrí 3, èlùbọ́ 2, ẹ̀gúsí 1. Àwọn kan á ní àṣejù ni. Kì í ṣe àṣejù. Bí wọ́n bá ní ẹ fi kìló 2 lé, èlùbọ́ lẹ máa fà yọ, ó parí.

Ọ̀rá tí wọ́n ń fa atẹ́gùn inú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí àyè pọ̀, àmọ́ kò dín kìló kankan kù.

Epo pupa: ike tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kún un dáadáa, torí atẹ́gùn tó bá ṣẹ́ kù nínú ike máa ń fẹ̀ lójú òfurufú, òun ló ń ti epo jáde. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu ike kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ fi sẹ́lótéèpù yí ìdérí, ẹ gbé e sínú fíríjì mọ́jú kó lè dì, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rá méjì wé e.

Ohun tó wúwo, ìdí táyà ni kó wà. Power bank, báàgì ọwọ́ nìkan. Bó bá jẹ́ ìlú Ọba lẹ̀ ń lọ, ẹ má fi kìló ṣòfò lórí ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, wọn ò gbà á wọlé.

Bẹ́ ẹ bá ti pa síìpù, ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, torí àwọn ará ilé á ti fi nǹkan kún un lóru.