Taya Kejì Tí A Torí Rẹ̀ Jà

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fún mi láti jẹ́rìí. N kò tíì dé ibi tí a ti gbéra nílé tí akọ̀wé ìjọ fi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mi ò bá a wí, àwa mẹ́jọ la fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a bá gé sí méjì, gbèsè ló kù lọ́rùn ẹni tó jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, tí mo ń kọ ìyókù kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé awakọ̀ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi wa lọ́rì 911 láti ìlú yìí lọ sí Jos. Mo ń gbé gàárì àti ọsàn lọ, mo ń kó ẹ̀wà àti ata bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ ti Jẹ́bà gun Òkè Ọya lóru ná. Ìgbéraga yìí ni mo gbé dé Kánádà. Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn pẹ̀lú.

Ọmọ mi obìnrin, ìyẹn Kẹ́yìndé, ń gbé ní Edmonton pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ní oṣù kìíní ni àna mi pè mí. Ó ní, "Dádì, tí ẹ̀yin àti Mọ́mì bá dé nígbà ooru, ẹ jẹ́ ká wakọ̀ lọ sí ibi tí ilẹ̀ parí sí." Mo ní ibo ni ilẹ̀ ń parí sí? Ó ní ìlú kan ń bẹ tó ń jẹ́ Tuktoyaktuk, létí Òkun Arctic gan-an, pé láti ọdún 2017 ni ọ̀nà mọ́tò tó ṣeé gbà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò ti dé ibẹ̀. Mo béèrè iye kìlómítà. Ó ní ó lé ní 3,300, àlọ nìkan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó ṣètò.

Ètò yìí ni mo fẹ́ dúró tì díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, nítorí inú rẹ̀ ni Olúwa fi ìgbàlà wa pamọ́ sí. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹfà, kò sí ọjọ́ Sátidé kan tí a kò pe ara wa. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Odò ńlá méjì ló dábùú ọ̀nà náà, Peel àti Mackenzie, kò sì sí afárá lórí ìkankan. Nígbà òtútù, orí yìnyín odò ni mọ́tò ń gbà kọjá. Nígbà ooru, fẹ́rì ló ń gbé wọn. Láàárín méjèèjì, tí yìnyín bá ń yọ́, kò sí fẹ́rì kò sí yìnyín, àfi kí èèyàn jókòó sílé rẹ̀. A mú ìparí oṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀nà Dempster bẹ̀rẹ̀ nítòsí Dawson City, láti ibẹ̀, kìlómítà 369 ni èèyàn máa rìn kó tó rí ilé epo, ní Eagle Plains. Ẹni tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn tó sì padà wálé kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo méjì wọ inú ìwé.

Ìgbà tó kan taya ni ìjà dé. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà náà, àna mi ní kì í ṣe ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ ni, àwọn kan nínú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Mo ní ó parí, sípíà méjì, pẹ̀lú ríìmù wọn. Ó ní ọ̀kan tó, pé ibi tí taya kejì fẹ́ jókòó sí ni kúlà àwọn fẹ́ jókòó sí. Mo ní bí taya bá bẹ́, ṣé kúlà la máa dè mọ́ ọkọ̀? Òun náà wá ní ẹ̀rọ kan tóun fẹ́ rà, kò ju fóònù lọ, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ní ojú ọ̀run, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí láàárín ìlú sí ìlú níbẹ̀. Mo ní ìnákúnàá gbáà ni. Ọdún 31, ta ni mo pè lójú ọ̀run yàtọ̀ sí Ọlọ́run? A bínú síra wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ mi ló parí rẹ̀. Ó ní kúlà dúró sílé, taya kejì wọlé, ẹ̀rọ wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́.

Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ di gàárì, láfún, kúlìkúlì àti ẹja gbígbẹ. Àna mi bẹ̀ ẹ́ pé òórùn ẹja máa ń pe béárì wá. Ó ní ṣé béárì yẹn ju èyí tí Dáfídì pa lọ ni? Wọ́n wá ra ike tí òórùn kì í jáde nínú rẹ̀, ẹja wọ inú ike.

Ojú ọ̀nà tí a kọ́kọ́ gbà, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. A dé Dawson Creek, níbi tí ọ̀nà Alaska ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà là á, nígbà ogun Hitler, lẹ́yìn tí Japan ti ju bọ́ǹbù sí wọn ní Pearl Harbor. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi la ohun tó lé ní 2,000 kìlómítà láàárín igbó. Nígbà tí mo gbọ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn sójà náà jẹ́ èèyàn dúdú, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ olóoru, nínú òtútù yẹn! Ní Watson Lake, sójà kan tí àárò ilé ń sọ kan pákó orúkọ ìlú rẹ̀ mọ́ igi lọ́dún náà, àwọn èèyàn sì ń kan tiwọn mọ́ ọn títí di òní, ó ti di igbó pákó. ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́ ti wà níbẹ̀ báyìí. Èmi ni mo kàn án. Ẹni tó bá lọ, kó bá mi wò ó bóyá ó ṣì dúró.

Bí a ṣe ń lọ ni òru ń kúrú, títí tí òru fi tán pátápátá. Ọmọ ọmọ mi bi mí léèrè pé, "Bàbá àgbà, ìgbà wo ni ilẹ̀ máa ṣú?" Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀.

A sùn ní Eagle Plains, a sì gbéra láàárọ̀. Èmi ni mo ń wakọ̀, mo ti gba ìwé ìwakọ̀ àgbáyé kí n tó kúrò nílé. Ní kìlómítà 405 a rí pátákó tó fi hàn pé a ti wọ ilẹ̀ tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ooru. A ya fọ́tò. Kò pẹ́ sí ibẹ̀ ni taya ẹ̀yìn kan jò. Mo pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20, mo ń kọrin, mo sì ń fojú sọ̀rọ̀ sí àna mi. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó gbẹ tẹ́lẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ohun tí mo fi ń bú gbogbo ọmọ mọ́tò tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi ni pé bí taya bá bẹ́, má tẹ bíréèkì. Taya iwájú bẹ́, gbàù! Èmi, bàbá wọn, mo tẹ bíréèkì.

Jíìpù yí, ó fì sí ọ̀tún, ó sì rì sí etí ọ̀nà. Ilẹ̀ ibẹ̀, yìnyín ni lábẹ́ láti ayébáyé. Àwọn tó la ọ̀nà náà, tí wọ́n ṣí ní 1979, kò gbẹ́ ilẹ̀ bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ níhìn-ín. Òkúta ni wọ́n kó jọ gègèrè lé ilẹ̀ lórí kí ooru má baà dé ọ̀dọ̀ yìnyín, nítorí bí yìnyín bá yọ́, ọ̀nà á wó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi ga lọ́tùn-ún lósì, tí etí rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ibi tí a fì sí, díẹ̀ ló kù kí a dojú dé. Ìyá Ìbejì ké. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti gbá ilẹ̀kùn.

A jáde lápá òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ọmọ mi fi ìborùn so ọwọ́ ìyá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo gbé jáàkì sílẹ̀, jáàkì rì. Mo tún un gbé, ó tún rì. Mo wá tẹ́ taya tó jò lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀ lórí ikùn rẹ̀, mo gbé jáàkì lé orí ríìmù, ó dúró. Báyìí ni mo ṣe fi taya kejì, èyí tí a torí rẹ̀ jà, sí ẹsẹ̀ iwájú. Ọkọ̀ dúró, kò fì mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè jáde fúnra rẹ̀. A ti í, ó ń fọ́n ẹrẹ̀ sí wa lójú.

Wákàtí méjì kọjá, mọ́tò kan kò kọjá, níwájú tàbí lẹ́yìn. Ìgbà náà ni àna mi mú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, kò wo ojú mi, ó tẹ̀ ẹ́. Èsì dé kíákíá. Wọ́n ní àwọn ti rí ibi tí a wà. Wọ́n ní wọ́n ti ti ọ̀nà ní Eagle Plains lẹ́yìn wa nítorí òjò, àti pé fẹ́rì Peel ti dúró nítorí omi odò kún. Wọ́n ní kí a má kúrò lẹ́bàá ọkọ̀. Ẹ wò ó, ọ̀nà tì lẹ́yìn, odò tì níwájú, àwa márùn-ún nìkan ló wà láàárín. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ àna mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú bí ìwé orin.

Wákàtí 14 la lò níbẹ̀. Òtútù mú bí ìgbà ọyẹ́ tó bínú. A ń tan ẹ̀ńjìnnì díẹ̀ kí ara lè móoru, a ń pa á. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Gàárì la rẹ mu, nítorí kò sẹ́ni tó dá a lábàá pé ká ṣí ike ẹja. Béárì náà kò kúkú ṣàìwá. Ó jìnnà sí wa tó pápá bọ́ọ̀lù kan, ó ń fi èékánná túlẹ̀, ó gbórí sókè wò wá, ó tún tẹrí bọlẹ̀. Ìyá Ìbejì kò dárúkọ Dáfídì. Àna mi fẹ́ sọ ìtàn bí ọ̀nà náà ṣe gba orúkọ: ọlọ́pàá mẹ́rin ló ti Fort McPherson ń lọ sí Dawson nígbà òtútù, wọ́n ṣìnà, gbogbo wọn kú síbẹ̀ ní 1911, Dempster sì ni orúkọ ọlọ́pàá tó rí òkú wọn. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ máa rò pé mo gbàdúrà ńlá. N kò gbà á. Ohùn mi ò jáde. "Jésù, Jésù" ni mo ń pè bí ẹni ń ka owó tí kò pé.

Nígbà tó di aago márùn-ún ìdájí, tí oòrùn ràn kedere bí ọ̀sán, a gbọ́ ìró katapíla. Gírédà ni, èyí tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe, ọkùnrin kan láti Fort McPherson ló wà á, ọmọ ẹ̀yà Gwich'in. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó so ṣéènì, ó fà wá jáde bí ẹni yọ eyín. Ó wá yí ọkọ̀ ká, ó wo taya méjèèjì tó bàjẹ́, ó wo méjì tí a fi rọ́pò wọn, ó na ìka méjì sókè. "Méjì. Ó dáa." Àna mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. A fún ọkùnrin náà lówó, kò gbà. Ó gba kúlìkúlì.

Omi fà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fẹ́rì gbé wa. Ní ilé ìwòsàn ní Inuvik wọ́n rí i pé egungun ọrùn ọwọ́ ìyàwó mi sán, wọ́n fi POP sí i. Mo ní ká padà. Òun ló ní òun ò jẹ gàárì nínú ẹrẹ̀ láti wá padà ní Inuvik. A wá dé Tuktoyaktuk. Mo fi omi Òkun Arctic bọ ojú mi, ó ta mí bí iná. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ òsì sínú rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, n kò bi í léèrè ohun tó ń sọ.

Wọ́n ti yọ POP náà báyìí. Òkúta tó gé taya iwájú ń bẹ lọ́wọ́ mi, mo yọ ọ́ nínú rọ́bà, kò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Èmi yóò gbé e dání wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí gbogbo ìdílé wa yóò jó wá dúpẹ́. Àna mi ti fi owó ránṣẹ́. Ìyá Ìbejì ní kí n sọ pé láfún ń bẹ, gbẹ̀gìrì àti ewédú ń bẹ. Ó ní kí àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tètè gbéra nítorí ọ̀nà yẹn, kí wọ́n sì yẹ sípíà wọn wò.