“5G Ni” Kò Tó: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Ta Fóònù Sọ fún Wa

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takie títí dé ẹ̀bá ọ̀nà Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, gbólóhùn kan ni ó ń gbé owó lé fóònù lórí báyìí ju kámẹ́rà àti bátìrì lọ: “5G ni,” ìyẹn ni pé ó lè lo ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, èyí tí ó yára ju 4G lọ. Bí oníbàárà bá ti gbọ́ ọ, kì í sábà béèrè ohun mìíràn mọ́, ẹni tí ń tajà náà kì í sì í fi àlàyé kankan kún un. Èrò mi ni pé bí a ṣe ń lo gbólóhùn yìí lọ́jà wa, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ohun tí kò ní dé ọwọ́ wọn, owó náà kò sì kéré fún òbí tí ó ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì.

Fóònù lè ní ẹ̀rọ 5G nínú lóòótọ́, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ náà má lè gbọ́ ìgbì rédíò tí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò ní Nàìjíríà. Ó sì lè gbọ́ ìgbì náà, kí òpó tí ó ń gbé e jáde má sí ní àdúgbò tí ẹni tí ó ra fóònù ń gbé. Ẹ̀rọ inú fóònù ni olùtajà ń tà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò máa yára nínú yàrá òun ni oníbàárà rò pé òun ń ra. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ná ọjà, ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń jèrè lórí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì, èyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń pè ní báńdì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, gbé ìgbì 3.5 GHz sórí àtẹ (GHz àti MHz ni a fi ń wọn ìgbì, 1 GHz sì jẹ́ 1000 MHz), ilé-iṣẹ́ MTN àti Mafab ni wọ́n sì mú un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn san mílíọ̀nù 273.6 dọ́là. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún ará ìlú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Airtel sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2023. Nínú ìwé tí ó ń ṣàlàyé ohun tí fóònù lè ṣe, n78 ni wọ́n máa ń kọ fún báńdì yìí. Fóònù tí kò bá ní n78 kò lè lo 5G orí ìgbì yìí, ì báà ṣe góòlù ni wọ́n fi kọ 5G sí ẹ̀yìn rẹ̀. Irú rẹ̀ sì wà lọ́jà. Nígbà tí 5G ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 2019, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò lo ìgbì kan náà: Verizon bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbì tí ó ga ju 3.5 GHz lọ dáadáa, T-Mobile lo 600 MHz, wọ́n sì mú kí àwọn tí ń ṣe fóònù ṣe èyí tí ó bá ìgbì tiwọn mu. Nígbà tí òmíràn nínú àwọn fóònù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn bá di tòkunbọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí ọjà wa, 5G ṣì ni wọn yóò máa pè é, wọn kò sì parọ́ bí a bá fi ojú ìwé wò ó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí òpó wa ń sọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 4G rí, bí a kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́: ìgbì 700 MHz ni Glo fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, MTN ra 2600 MHz ní 2016, àwọn mìíràn ń lo 1800 MHz, nítorí náà fóònù kan lè ṣe dáadáa pẹ̀lú síìmù ọ̀rẹ́ rẹ kí ó sì máa rá pálá pẹ̀lú tìrẹ.

Ibi tí òpó wà tún ṣe pàtàkì. Ìgbì 3.5 GHz kì í rìn jìnnà tó ìgbì 700 tàbí 800 MHz, ògiri sì tètè máa ń dí i lọ́nà, débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yára ní ìta gbangba kí ó sì rẹ̀wẹ̀sì nínú iyàrá ìsàlẹ̀ agbo ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn tí wọ́n sì fi páànù bò. Ẹni tí ó bá dán fóònù wò ní ojú títì kò tíì dán an wò ní ilé.

Ilé-ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rí, mo sì fẹ́ kí àwọn oníṣòwò wa mọ̀ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, Apple gbé iPad tuntun jáde, wọ́n sì fi 4G mọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tà á ní Australia. Ìgbì 700 àti 2100 MHz ni 4G inú rẹ̀ lè gbọ́, èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nígbà tí ó jẹ́ pé orí 1800 MHz ni Telstra, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Australia, gbé 4G tirẹ̀ lé. Àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ pe Apple lẹ́jọ́. Apple ní àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wà ní orílẹ̀-èdè náà tí àwọn ará ibòmíràn lè pè ní 4G, ṣùgbọ́n èyí kò gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n yọ 4G kúrò nínú orúkọ náà, wọ́n gbà láti dá owó padà fún ẹni tí ó bá fẹ́, ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 2.25 dọ́là Australia ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ẹjọ́ yìí ni pé kò sẹ́ni tí ó sọ pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ tàbí pé ayédèrú ni. Ẹ̀rọ gidi ni, ṣùgbọ́n ìlérí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò lè ṣẹ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tà á, èyí nìkan sì ti tó láti dá wọn lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àmì tí ó ń hàn lókè ojú fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, AT&T ní Amẹ́ríkà yí àmì orí fóònù àwọn oníbàárà kan láti LTE, tí í ṣe orúkọ mìíràn fún 4G, sí “5G E”, bẹ́ẹ̀ 4G tí wọ́n tún ṣe dáadáa sí i ni gbogbo rẹ̀; fóònù tí kò ní ẹ̀rọ 5G rárá ni ó ń fi àmì náà hàn. Sprint, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó ń bá wọn díje, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní oṣù Kejì ọdún náà. Nígbà tí ó di 2020, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìpolówó ọjà wò níbẹ̀ ní kí AT&T dẹ́kun lílo ọ̀rọ̀ náà nínú ìpolówó, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àmì náà sílẹ̀ lójú fóònù. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn ayédèrú fóònù wà tí wọ́n ya àmì 5G sí lójú lásán. Mo tún ti rí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ Wi-Fi tí ó ń tọ́ka sí orúkọ tí ó parí pẹ̀lú “5G” gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbì 5 GHz tí Wi-Fi ń lò láàárín ilé ni orúkọ náà ń sọ, kò sì kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN tàbí ti Airtel rárá.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa dátà. Ojú mi ni ó ṣe nígbà tí ìyá kan ní àdúgbò wa, tí ó ń ta èlùbọ́, lọ ra fóònù fún ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ LAUTECH. Ọmọkùnrin tí ń tajà wí fún un pé, “Mọ́mì, 5G ni o, kì í jẹ dátà bíi 4G, ẹ ò ní máa fi owó ránṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ́.” Ìyá náà dáhùn pé, “Ọmọ mi, tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá fi kún owó ẹ.” Irọ́ gbáà ni ohun tí ó sọ fún un. Ìwé tí ọmọ náà bá gbà sórí fóònù kò ní fúyẹ́ sí i nítorí pé ó tètè wọlé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 50 lórí 4G, mẹ́gábáìtì 50 náà ni lórí 5G. Ní ti fídíò, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lòdì sí ìlérí náà, nítorí pé àwọn áàpù tí ń fúnra wọn yan bí àwòrán yóò ṣe dán tó máa ń yan èyí tí ó dán jù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yára, dátà yóò sì tètè tán. Mo sọ èyí lójú ẹni tí ń tajà náà, ìyá sì dá owó tí ó fẹ́ fi kún un dúró. Ṣùgbọ́n èmi kò lè wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kò sì yẹ kí ó jẹ́ pé àfi bí ẹnìkan bá tẹ̀ lé èèyàn lọ sọ́jà kí ó tó gbọ́ òtítọ́.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà lára fóònù Amẹ́ríkà: èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ tà á ti tì mọ́ síìmù tirẹ̀, tí wọ́n wá fi ṣíìpù tín-ín-rín kan sábẹ́ síìmù kí ó lè gba tiwa. Yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹni tí ń rà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe àtúnṣe sọ́fítíwíà rẹ̀ tàbí tí wọ́n nu inú rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ pátápátá. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń tà á sọ ọ́ kí ó tó gba owó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi síìmù tiyín sí i, ẹ yọ ọ́ wò bóyá ṣíìpù wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ pe ènìyàn, ẹ sì ṣí fídíò. Ẹ tẹ *#06# kí ẹ lè rí nọ́ńbà IMEI, èyí tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí ẹ fi wé èyí tí ó wà lára páálí. Ẹ wo orúkọ fóònù gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ nínú sẹ́tìǹsì, nítorí pé fóònù tí orúkọ wọn jọra lè ní báńdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ jẹ́ kí olùtajà kọ ohun tí ó fi ẹnu sọ sínú rìsíìtì. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí oníṣòwò sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nípa ọjà rẹ̀, FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, sì ń gba ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí kò ní ìwé nínú ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Mo sì fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta fóònù ní ìlú yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ohun tí wọn yóò máa sọ fún oníbàárà. Ṣé ẹ lè pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ gbogbo fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n bá gbé sórí àtẹ, kí ó sọ nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, bóyá ó ní n78 tàbí kò ní, àti bóyá ó ṣí fún gbogbo síìmù tàbí ṣíìpù ni ó ń gbé e?