Máṣínnì Tó Ń Jẹ́ SIN

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mi ò mọ aṣọ rán. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi já lóṣù tó kọjá, ìyàwó mi ló bá mi rán an padà. Ọwọ́ ló sì fi rán an, nínú yàrá tí máṣínnì mẹ́sàn-án jókòó sí. Àìsàn kíkó máṣínnì ìránṣọ àtijọ́ jọ ló ń ṣe mí; bí wọ́n ṣe di mẹ́sàn-án nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, méje ni ìyàwó mi ṣì ń kà. A máa débẹ̀.

Ìkẹsàn-án yẹn ló fojú mi rí nǹkan. Orí máṣínnì Singer ni, orí nìkan, kò ní ẹsẹ̀. Ó dúdú kirikiri, wọ́n fi wúrà ya òdòdó yí i ká, wọ́n sì kọ SINGER gàdàgbà sí apá rẹ̀. Lẹ́tà Y ló ṣíwájú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Gbogbo àwa tí àìsàn yìí ń ṣe la mọ̀ pé ọmọ Clydebank ni, ní Scotland, àti pé wọ́n ti ṣe é kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́. Ilé-iṣẹ́ Clydebank yẹn ṣílẹ̀kùn ní 1885. Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù sórí ìlú náà ní oṣù kẹta ọdún 1941. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ilé tó bí máṣínnì yìí ti wó, òun ṣì wà láyé, orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó ṣí lára wọn.

Èmi lo ogún ìṣẹ́jú, ó ku mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n mo ń sáré jù. Nígbà tó dé, wíìlì rẹ̀ ò yí. Òróró tí wọ́n ti ń kán sí i láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti gbẹ, ó ti di àtè sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ìtọ́jú èyí kò ṣòro, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni: a ó kán kẹrosíìnì sí gbogbo ibi tí irin ti ń pàdé irin, a ó fi sílẹ̀, a ó mi wíìlì díẹ̀, a ó tún kán an. Ẹni tó bá fi agbára yí i máa ṣẹ́ nǹkan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà lẹ́nu ẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, yàrá máṣínnì ni mo kọ́kọ́ ń yà sí. Màmá mi wá kí wa lásìkò yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe kọjá lọ pẹ̀lú ike kẹrosíìnì, ó ní, “Àjàní, nígbà tó o bá kí ìyá rẹ tó wà ní yàrá yẹn tán, kó o wá kí èyí tó bí ọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Kẹrosíìnì dà sí kápẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ kọkànlá, wíìlì yí. Ó kọ́kọ́ ṣe kẹ́rẹ́, ó tún ṣe kẹ́rẹ́, ó wá yí po. Mo kígbe débi tí àwọn ọmọ fi sáré wọlé, wọ́n rò pé iná mànàmáná ló gbé mi. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ló pa mí. Bí mo bá ti bínú lọ́jọ́ yẹn ni, tí mo bá ti lọ sùn, orúkọ máṣínnì yẹn ì bá ṣì pé. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo wá ní àfi kí n wẹ̀ ẹ́. Sípíríìtì wà nítòsí. Aṣọ funfun wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan tí mo mọ̀ nísinsìnyí, tí mi ò mọ̀ nígbà náà. Lórí wúrà tí wọ́n fi kọ orúkọ yẹn, wọ́n máa ń kun nǹkan kan tó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní shellac. Òun ló ń dáàbò bo wúrà náà. Ọtí ni wọ́n fi ń po shellac, ọtí náà ló sì ń tú u. Sípíríìtì sì rèé, ọtí ni. Ẹ wá gbé aṣọ funfun lé e.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, níbi R. Mo nu ún lẹ́ẹ̀kan, mo wo aṣọ náà, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń dán. Inú mi dùn. Mo pe ọmọ mi obìnrin pé, “Wá wo ìdọ̀tí!”

Ìdọ̀tí tó ń dán. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ó dáadáa. Èmi tí mo ti dàgbà, tí mo lọ sílé-ìwé, tí wọ́n ń pè láti wá dá sọ́rọ̀ nínú ẹbí, mo rí ìdọ̀tí tó ń tàn yanran lórí aṣọ, mo sì ní à á, máṣínnì yìí mà dọ̀tí o! Mo tún da sípíríìtì kún un. Mo ń nù ún, mo ń súfèé. R lọ. E lọ. G bá wọn lọ. Foonù ló dá mi dúró, ẹnì kan tó ṣi nọ́ńbà pè. Títí di òní, mo máa ń ṣàdúrà fún onítọ̀hún. Bí kò bá pè ni, ìdọ̀tí náà ì bá tán pátápátá.

Nígbà tí mo gbé ojú padà, SIN ló wà níbẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òyìnbó ò fi àmì ohùn sí i. Nínú ilé tó ń sọ Yorùbá, tí ẹ bá kọ SIN sílẹ̀ láìfàmì sí i, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Dádì, ó ní ká sín.” Ó sín. Láti ọjọ́ náà, kò kọjá lẹ́nu yàrá yẹn láìsín. Ẹ̀ẹ̀kan ó jẹ́ òótọ́, kẹrosíìnì ló fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ó jẹ́ ìwà burúkú.

Ìyàwó mi wò ó, ó ká ọwọ́ mọ́ra. “Sìn ni. Ṣebí ẹ ti ń sìn wọ́n látọjọ́ yìí, Bàbá Tọ́lá. Ó kàn wá hàn sóde ni.”

Màmá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì, wọ ìgò ojú rẹ̀, ó súnmọ́ máṣínnì náà bí ẹni tó fẹ́ máàkì iṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé àmì wà lórí rẹ̀, mo ní kò sí. “Ohùn wo ni kì í gba àmì?” Mo ní ohùn àárín, mà. “Sin nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ wá ibì kan gbẹ́ ilẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sin ín.”

Ẹ wá wo àwọn tí a jọ ń kó máṣínnì jọ. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn kan ní kí n má fi kẹrosíìnì sí i, àwọn kan ní kí n fi sí i, àwọn méjì torí ẹ̀ di ọ̀tá ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wúrà. Mo wá fi àwòrán SIN ránṣẹ́, ni gbogbo wọn bá gbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. “Háà, ṣé o ò mọ̀ pé òróró máṣínnì nìkan ni wọ́n fi ń nu ara wọn ni?” “Háà, ṣebí ó yẹ kó o kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ibi tí kò hàn?” Ọ̀kan ní kí n má bọkàn jẹ́, pé lẹ́tà tuntun wà tí wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n á wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ́ lé e lórí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi. Pẹ̀lú ọwọ́ yìí.

Bóyá ìtìjú ló mú mi ṣe èyí tó kù. Mo ní ó dáa, orúkọ ti lọ, ẹ jẹ́ kó rán aṣọ. Mo tú kókó irin tó wà láàárín wíìlì láti nu ẹ̀yìn rẹ̀. Kókó yẹn ni a máa ń dẹ̀ tí a bá fẹ́ ká òwú sí bọ́bìnì, kí wíìlì lè yí kí abẹ́rẹ́ sì sinmi. Wásà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, olétí mẹ́ta. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n ya àwòrán gbogbo nǹkan kí n tó tú u, mo sì yà á, mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo fẹ́ tò ó padà, mo ṣí wọn: àtàǹpàkò mi ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Àtàǹpàkò láti òkè, àtàǹpàkò láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó dára gan-an.

Mo tò ó bó ṣe bọ́ sí mi lójú. Mo yí wíìlì, ó ń yí wìì bí òkòtó. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ó dúró bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní ìjókòó. Mo dè é le, mo tún yí i. Wíìlì ń ṣeré tiẹ̀, abẹ́rẹ́ ń wò ó. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u tí mo sì tún un tò. Mo wá dájọ́ pé irin inú rẹ̀ ló ti ṣẹ́. Màmá ò sọ̀rọ̀. Ó kàn bi mí pé ṣé a ní ọkọ́ nílé.

Bàbá télọ̀ kan ni ìyàwó mi lọ bẹ̀ wá. Baba ti ń fi ẹsẹ̀ wa máṣínnì kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó, ó wo orúkọ, ó wò mí.

“Ta ló nu èyí?”

Mo ní bó ṣe wà nìyẹn tí mo fi rí i, sà.

“Dádì ni!” Ọmọ mi sín.

Baba tú kókó náà, ó yọ wásà, ó yí i po ní ìlàjì, ó dá a padà, ó dè é. Ó fi ìka kan ti wíìlì. Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Etí wásà yẹn ni mo kọ sí ibi tí kò yẹ, ìdí nìyẹn tí kókó ò fi lè dì í mú. Wásà tí kò ju bọ́tìnnì lọ ló fẹ́ mú mi gbẹ́lẹ̀.

Mo ń dúpẹ́, mo ti fẹ́ sin Baba dé ẹnu ọ̀nà. Baba ò tíì ṣetán. Ó wo yàrá yíká.

“Ọmọ mi, mélòó lo ní gan-an?”

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní, “Méje ni, sà.”

“Mẹ́sàn-án ni mo rí,” Baba dáhùn, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. “Méjì wà lábẹ́ tábìlì yẹn, tó o fi aṣọ bò. Ìdérí onígi wọn yọ ẹ̀yìn síta, mo mọ̀ ọ́n.”

Ilé pa lọ́lọ́. Kódà ẹni tó ń sín ò sín.

Ohun tí ìyàwó mi sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àtiẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ́ lọ sí yàrá máṣínnì, mo mú aṣọ àti òróró dání, òróró máṣínnì o. Ẹnì kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Baba gbàgbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹni náà sì ti lò ó. Lẹ́yìn SIN, níbi tí G àti E ti kúrò, lẹ́tà méjì wà níbẹ̀, ó rí rẹ́gí, ó dúró ṣánṣán bí ti ojú pátákó ilé-ìwé: MI.

Sinmi. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sì nílò.

Màmá ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìyàwó mi ní òun náà ò mọ̀. Mo dúró níbẹ̀ tèmi ti aṣọ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n nù ún.

Ọmọ mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó sín.